Ọmọ Tí Ń Dárí Ji Ìyá Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin “Carrie & Lowell” ti Sufjan Stevens

Láti bí ọdún 15 tí mo ti ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò tíì bá wọn kọ orin ìyá kan tí kò jẹ́ orin ìyìn. Ìyá ni wúrà, ìyá ni ó lóyún wa fún oṣù mẹ́sàn-án, ìyá ni ó pọ̀n wá lọ sí oko tí ó tún pọ̀n wá bọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá, kí a tó dé ẹsẹ̀ kejì, àwọn àgbà ti ń wá aṣọ ìnujú. Ìdí nìyí tí àwo orin tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí fi bá mi lójijì. Kristẹni ni ẹni tí ó kọ ọ́, ìyá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nínú orin àkọ́kọ́ gan-an ni ó sì ti sọ fún ìyá náà pé òun dárí jì í. A kì í dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ wá, nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbọ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nílẹ̀.

Ìlú Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, ni a ti bí Sufjan Stevens ní ọdún 1975. Orúkọ rẹ̀ kò jọ ti Kristẹni, ìdí sì ni pé àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀mí kan tí ń jẹ́ Subud nígbà tí wọ́n bí i, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Carrie ni ìyá rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá obìnrin yìí fínra, ọtí àti oògùn olóró sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún kan. Nígbà tí ó ṣe, ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn tí ń jẹ́ Lowell Brams, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta péré, láàárín ìgbà tí Sufjan wà ní ọmọ ọdún 5 sí 8, ni àwọn ọmọ fi lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ tọkọtaya yìí ní ìlú Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni àrùn jẹjẹrẹ inú pa Carrie. Àwo orin yìí jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2015, orin 11 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lọ.

Kí n tó kúrò lórí ìtàn, ó yẹ kí n dá Lowell mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá àti ọkọ tí ó tún fẹ́ bá kọ ara wọn, ọmọ tí ìyá gbé wá kì í sábà mọ ọ̀nà ilé ọkùnrin náà mọ́. Ti Lowell kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó náà tú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò fi ọmọ sílẹ̀. Ní ọdún 1999 àwọn méjèèjì jọ dá ilé iṣẹ́ tí ń gbé orin jáde sílẹ̀, Asthmatic Kitty, ilé iṣẹ́ yìí náà ni ó sì gbé àwo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2020 wọ́n tún jọ ṣe àwo orin kan papọ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi tẹ̀ lé ti ìyá lórí àwo yìí, tí àwòrán àwọn méjèèjì, tí ó ti ṣá bí fọ́tò inú àpótí ìyá àgbà, fi wà lára páálí rẹ̀.

Nípa bí orin náà ṣe ń dún, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí a fi dùndún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti dùùrù iná tọ́ dàgbà yóò kọ́kọ́ rò pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlù nínú rẹ̀ rárá. Irú orin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní folk ni, ìyẹn orin ẹni tí ó jókòó ti gìtá rẹ̀, tí ó ń fi ìka ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kọrin bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé jí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi fóònù gba apá kan sílẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Oregon. Ní ìparí orin kẹsàn-án, a gbọ́ bí ó ṣe fa èémí sínú, wọn kò sì gé e kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú pálọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò mẹ́ta ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó mi bi mí bóyá fóònù mi ti wọ omi. Òru ni mo tó gbọ́ ọ ní tòótọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ àfisétí, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti sùn, mo sì gba ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé irú orin báyìí ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rántí pé ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ ní àǹfààní láti dúró níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo náà, kí ó fi ohùn arò sọ ohun tí ó wà ní ikùn rẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì tọrọ ìre. Ohùn ẹnì kan ni, ọ̀rọ̀ ìdílé ni, omijé kò sì jìnnà sí i. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ìyàwó ń sunkún nítorí pé òun ni yóò fi ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń sunkún nítorí pé ìyá ni ó lọ. Ìyàwó sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń gbe orin fún un bí ó bá rẹ̀ ẹ́; Sufjan kò ní ẹni tí ń gbè é.

Orin kẹfà, “Fourth of July”, ni òpó tí ó gbé àwo yìí ró. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àyájọ́ òmìnira wọn, tí wọn ń fi iná aláràbarà ṣe ojú ọ̀run lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ayẹyẹ kankan nínú orin yìí. Ọmọ jókòó ti ìyá tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀: ọmọ ń béèrè ohun tí òun ìbá ti sọ tí ìyá ìbá fi jí dìde kúrò nínú òkú, ìyá ń bi í bóyá ó ti rí ìfẹ́ gbà tó láyé. Orúkọ ìkẹ́ ni wọ́n ń lò. Tanátaná, àṣá kékeré, àdàbà, lámilámi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí mo dá a dúró, mo tún un gbọ́, nítorí pé oríkì ni létí mi. Ìyá ilẹ̀ wa kì í kàn pe ọmọ lásán. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò pè é ní Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjàní, yóò so ó mọ́ orílẹ̀ rẹ̀, orí ọmọ náà yóò sì wú. Carrie kò dúró ki ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó wà láyé. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe bá a hun oríkì, tí ó sì fi í sí i lẹ́nu lẹ́yìn tí ó ti kú. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọ lè fi tọrọ ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè tí yóò ní ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀.

Ìparí orin yìí kan náà ni ó máa ń lé àwọn ènìyàn wa sá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń tún kọ, pé gbogbo wa ni a ó kú, ó sì ń tún un kọ títí tí yóò fi dákẹ́. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó ta ìka yí orí rẹ̀ ká, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo rán an létí pé àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé awáyé-ìkú kò sí. Ó ní àwọn baba wa kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ti ìgbàgbọ́, ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí ìṣẹ́gun nínú àwo yìí kò ní rí i. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí a bá ké pe Ọlọ́run Èlíjà ní òru ìṣọ́, a mọ ohun tí à ń wá: kí iná sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì jó ìdènà. Nínú orin kẹrin, “Drawn to the Blood”, Sufjan náà ké pe Ọlọ́run Èlíjà, ṣùgbọ́n láti bi í léèrè ni, pé kí ni òun ṣe tí irú èyí fi bá òun, òun tí ìfẹ́ ni àdúrà òun láti ìgbà yìí wá. Iná kò sọ̀, ìdáhùn kò sì dé. Ó kọ́kọ́ dà bí àìgbàgbọ́ lójú mi, títí mo fi rántí pé Èlíjà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo iná orí òkè Kámẹ́lì, lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi nínú aginjù ó sì tọrọ ikú, àti pé nígbà tí Ọlọ́run yóò bá a sọ̀rọ̀, kò sí nínú ìjì, kò sí nínú iná, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó gbọ́. Láti ìgbà náà ni ohùn jẹ́jẹ́ olórin yìí kò ti dà bí àìlera mọ́ létí mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “iṣẹ́ àmì àti iṣẹ́ ìyanu”. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kò rí ọ̀rọ̀ yìí lórí aṣọ ìpolówó ìsọjí ní agbègbè Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àwòrán àwọn oníwàásù nínú kóòtù. Nínú “The Only Thing”, orin keje, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọkùnrin yìí lò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé lẹ́yìn ikú ìyá òun, iṣẹ́ àmì díẹ̀díẹ̀ tí òun ń rí, lára ìràwọ̀ àti nínú ìtàn Dáníẹ́lì, nìkan ni kò jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ òun sínú ọ̀gbun. Kò sí ẹni tí ó gba ìwòsàn nínú orin náà. Ẹni kan kò kú, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ ìyanu náà. Kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àìpẹ́ má ṣe dá nìkan gbọ́ orin yìí.

Orin kẹwàá ni èmi fẹ́ràn jù lẹ́yìn “Fourth of July”, èdè wa ni ó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni “No Shade in the Shadow of the Cross”, tí a bá sì túmọ̀ rẹ̀ yóò di pé kò sí ibòji lábẹ́ òjìji àgbélébùú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣeré ọ̀rọ̀ ni; ní Yorùbá ìṣeré náà tún jìn sí i, nítorí pé bí a bá gbé àmì ohùn kan kúrò ní ipò rẹ̀, ibòji tí a ń sá oòrùn sí yóò di ibojì tí a ń sin òkú sí. Àwọn orin ìsìn wa ti fi yé wa láti kékeré pé abẹ́ àgbélébùú tutù. Ọkùnrin yìí lọ síbẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé oòrùn ń pa ènìyàn níbẹ̀ náà, síbẹ̀ kò kúrò.

Mo ní láti kìlọ̀ pé nínú orin kẹwàá yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ rírùn kan wà tí kò ṣeé gbé sétí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Orin kẹta, tí ó dá lé ìfẹ́ láàárín ẹni méjì, tún ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí díákónì kankan kò ní fi ojú rere wò. Sí èrò tèmi, orin náà kò sí nípò níbẹ̀ rárá, ó dà bí àlejò tí ó ṣèèṣì ya ilé òkú. Àléébù mìíràn ni pé àwọn orin náà jọ ara wọn ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn orin kẹjọ, etí mi a máa sùn. Àwọn ibì kan sì wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò lè hàn sí ẹni tí kò mọ ìtàn Oregon, bí àkọlé orin ìkẹyìn, “Blue Bucket of Gold”, tí ó wá láti inú ìtàn góòlù kan tí àwọn arìnrìn-àjò ọdún 1845 rí tí wọ́n sì pàdánù ibi tí ó wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn orin 11 náà tí ìjọ lè jọ kọ. Mo gbìyànjú láti fi ègbè sí ọ̀kan fún ẹgbẹ́ wa. Ó kọ̀, kò gba ègbè.

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù tí àwọn àgbà wa lè fi kàn án ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nínú orin kejì, “Should Have Known Better”, ó ń rántí ìgbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìyá fi àwọn sílẹ̀ ní ilé ìtajà fídíò. Kí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá lẹ́nu ọmọ, nígbà tí ẹni tí ó kàn kò lè dìde fèsì? Ó yà mí lẹ́nu láti gbọ́ pé ní ọdún 2025, nígbà tí wọ́n tún àwo náà gbé jáde fún àyájọ́ ọdún 10 pẹ̀lú àfikún orin àti àròkọ, olórin náà fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ojú ń ti òun díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé òun kò ní àṣẹ lórí ìgbésí ayé ìyá òun àti ikú rẹ̀. Ó jọ pé ọ̀nà jíjìn ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ojú tì í. Orin kejì yẹn kan náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, yí padà ní agbede méjì. Dùùrù wọlé, ilẹ̀ mọ́, ó sì parí rẹ̀ sórí ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí, tí ó mú ìmọ́lẹ̀ wọ ilé. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọwọ́ òsì kì í júwe báyẹn.

Kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Ìlú àwọn oníṣòwò tí ń rìn jìnnà ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣáájú ọdún 1969, ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú yìí ni wọ́n ń tajà ní ilẹ̀ Gáná, ní Tamale, ní Kumasi àti ní àwọn ìlú mìíràn, púpọ̀ nínú wọn a sì máa fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn ènìyàn wa sì rọ́ wálé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ọmọ ọdún 11 ni bàbá mi nígbà náà. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, wọ́n ní ìyá rẹ nìyí, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un bí ẹni tí ń kí ìyàwó pásítọ̀. Ibi tí ìtàn náà máa ń parí sí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a sin obìnrin yìí, ìyá bàbá mi, a dá aṣọ ẹbí, a se ìrẹsì, ẹgbẹ́ akọrin wa kọrin ìyá, bàbá mi sì jó.

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, mo fi mọ́tò gbé bàbá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Bí a ṣe ń rọra fà nínú kòtò, mo fi àwo orin yìí sí i, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ọ̀fun báyìí kò yé e. Ó ní gìtá náà ń ta bí òjò lórí páànù. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí olùkọ́ ìwẹ̀ odò inú “Eugene”, tí kò lè pe orúkọ ọmọ náà tí ó wá sọ ọ́ di orúkọ mọ́tò. Nígbà tí mo túmọ̀ tanátaná àti lámilámi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. A ti kọjá Odò Ọbà kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì náà ni ó ti ń pe òun ní Àkànní, oríkì tí ó fún òun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ó tó padà sí Tamale, tí ìyá àgbà kò sì fi pe òun rí. Òun kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ó tó ọdún kan, ó ní, tí obìnrin náà fi ń dúró ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, tí ó ń pe Àkànní, kí òun tó dáhùn.